Ṣé kí n sọ fóltéèjì pírósẹ́sọ̀ sẹ́ńsọ̀ mi kalẹ̀ sí 0.4 V kí bátìrì lè pé ọdún 10?

Ọ̀dọ́_RISC

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi.

Mo ń ṣe ṣíìpù kékeré kan fún iṣẹ́ ìwádìí mástà mi. Iṣẹ́ tó máa ṣe kò pọ̀. Yóò jí ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, yóò wo ìwọ̀n ooru àti ọ̀rinrin, yóò fi wé ohun tó rí tẹ́lẹ̀, yóò fi ránṣẹ́ lórí rédíò Bluetooth Low Energy, yóò sì padà sùn. Rédíò náà jẹ́ ṣíìpù ọ̀tọ̀. Bátìrì rẹ̀ ni CR2032, ọ̀kan ṣoṣo, 3 V, tí wọ́n kọ 225 mAh sí lára. Mo fẹ́ kó pé ọdún 10 láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Core tí mo lò (apá tó ń ṣe àṣẹ àti ìṣirò gan-an) jẹ́ RISC-V, ìlànà àṣẹ pírósẹ́sọ̀ tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, ẹ̀yà RV32E tó ní rẹ́jísítà (ibi tí core ń di nọ́ńbà mú sí) 16 dípò 32. Ìlànà ìṣelọ́pọ̀ ṣíìpù náà jẹ́ 130 nm (bí nọ́ńbà yìí bá ṣe kéré tó ni transistor ṣe ń kéré). Nígbà tí mo dán an wò lórí kọ̀ǹpútà, òun àti mẹ́mọ́rì rẹ̀ ń jẹ nǹkan bí 40 pJ (píkójúùlù, ìwọ̀n agbára tó kéré gan-an) fún ìró aago kan ní 1.2 V. Ìjí kan ń gbà tó 20,000 ìró aago.

Mo ti kà nípa pírósẹ́sọ̀ FFT (ìṣirò tó ń tú àmì kan sí àwọn ohùn inú rẹ̀) tí Wang àti Chandrakasan ti MIT gbé jáde ní 2004, tó ṣiṣẹ́ pẹ̀lú 180 mV péré. Agbára tí géètì kan (ẹ̀ka kékeré tí transistor díẹ̀ para pọ̀ ṣe) ń jẹ nígbàkígbà tó bá yí ń tẹ̀lé CV², C ni capacitance rẹ̀, V ni fóltéèjì. Bí mo bá sọ 1.2 V di 0.4 V, ó yẹ kó dín kù sí ìdá kan nínú 9. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ibẹ̀ pọ̀: mo ní láti tún gbogbo géètì wọ̀n ní fóltéèjì tuntun, kí n sì ṣe SRAM (mẹ́mọ́rì inú ṣíìpù) mìíràn. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ibẹ̀ ni kí n na àkókò mi sí?

---

Bàbá_Transistor

O káre, àbúrò mi. O mú nọ́ńbà wá, ọ̀rọ̀ sì rọrùn láti sọ báyìí.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò ohun tó wà nínú àpò. Ọdún 10 jẹ́ 87,600 wákàtí. CR2032 fúnra rẹ̀ ń dínkù ní nǹkan bí ìdá 1 nínú 100 lọ́dún bí o kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án, nítorí náà má ṣe ka gbogbo 225 mAh sí tìrẹ, ka 200 sí i. 200 mAh pín sí 87,600 wákàtí jẹ́ nǹkan bí 2.3 µA. Ní 3 V, ìyẹn jẹ́ 6.9 µW. Gbogbo nǹkan tó wà lórí bọ́ọ̀dù náà, tọ̀sán tòru, kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Wá wo pírósẹ́sọ̀ rẹ nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. 20,000 ìró aago ní 40 pJ jẹ́ 800 nJ. O ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ni pé tí o bá tẹ́ ẹ sórí 60 ìṣẹ́jú-àáyá, ó jẹ́ 13 nW. Nínú 6,900 nW! Ká tilẹ̀ fi òfò inú regulator (ohun tó ń sọ 3 V bátìrì di 1.2 V) kún un, kò ju ìdá kan nínú 200 lọ.

Nítorí náà, bí o bá fi gbogbo oṣù tó kù sọ 1.2 V di 0.4 V, tí o sì ṣe é yọrí láìkù síbì kan, bátìrì rẹ kò ní mọ̀ pé o ṣe nǹkankan. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni èyí tí o kò kọ síbẹ̀: èló ni ṣíìpù náà ń jẹ nígbà tó bá sùn? Ẹ̀rọ yìí ń sùn ju bó ṣe ń jí lọ lọ́nà tó jẹ́ pé oorun rẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀. Kọ ọ́ síbí ní apá kọ̀ọ̀kan, má pa á pọ̀.

---

Ọ̀dọ́_RISC

Ẹ ṣé gan-an, sà. Mo lọ wò ó. Nígbà tí aago bá dúró, ní 25 °C:

SRAM 32 KB ń jò 1.05 µA (iná tó ń sá gba inú transistor kọjá bó tilẹ̀ tì). Géètì core àti àwọn ẹ̀ka tó yí i ká ń jò 0.4 µA. Aago 32.768 kHz àti ohun tó ń ka àkókò ń jẹ 0.5 µA. Regulator ń jẹ 0.6 µA fún ara rẹ̀. Ṣíìpù rédíò nínú oorun rẹ̀ jẹ́ 0.3 µA, sẹ́ńsọ̀ sì jẹ́ 0.1 µA.

Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 2.95 µA. Ìyẹn ti ju 2.3 µA tí ẹ ṣírò lọ kí pírósẹ́sọ̀ tó jí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

---

Arábìnrin_Mẹ́mọ́rì

Ibi tí mo ń retí gan-an nìyẹn. Ọ̀dọ́, 1.05 µA pín sí 262,144 bíìtì jẹ́ nǹkan bí 4 pA fún ilé bíìtì kan. Ilé kan kò burú rárá. Iye ilé ló burú. Kí ni o fẹ́ fi 32 KB ṣe lójú oorun? Ohun tó yẹ kí ẹ̀rọ yìí rántí ni ìwọ̀n ooru tó rí kẹ́yìn, nọ́ńbà ìfiránṣẹ́, kọ́kọ́rọ́ ìpàmọ́ rédíò àti ààyè ìṣiṣẹ́ díẹ̀. 2 KB ti pọ̀ jù fún un.

Pín SRAM sí yàrá. Jẹ́ kí yàrá 2 KB kan ní ojú iná tirẹ̀ tí kì í kú, kí o sì pa iná 30 KB tó kù pátápátá. Ní ojú ẹsẹ̀, 1.05 µA di nǹkan bí 0.07 µA. Lẹ́yìn náà, SRAM tó kàn ń rántí, tí ẹnikẹ́ni kò kà, tí ẹnikẹ́ni kò kọ sí, kò nílò 1.2 V. O lè sọ fóltéèjì rẹ̀ kalẹ̀ lójú oorun, kí jíjò rẹ̀ tún dínkù sí i. Ibí yìí ni ìfẹ́ tí o ní sí fóltéèjì kékeré ti wúlò.

Ṣùgbọ́n kíkà àti kíkọ ní 0.4 V jẹ́ ọ̀ràn mìíràn. Ilé SRAM oní-transistor 6 tí gbogbo ayé ń lò dúró lórí ìjàkadì láàárín àwọn transistor inú rẹ̀: èyí tó ń kọ gbọ́dọ̀ borí èyí tó ń di bíìtì mú, síbẹ̀ èyí tó ń kà kò gbọdọ̀ bì í ṣubú. Ìwọ̀n fífẹ̀ wọn la fi ń ṣètò ẹni tó máa borí. Tí fóltéèjì bá lọ sísàlẹ̀, ìyàtọ̀ kékeré tó wọlé nígbà ìṣelọ́pọ̀ á borí ìṣètò rẹ, àwọn bíìtì kan á sì kọ̀ láti gbọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fi ń lo ilé oní-transistor 8 tàbí 10, tó ní ọ̀nà ìkà tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ó gba ààyè jù, ó sì ń jò jù. Fún ẹ̀rọ tó ń jí fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú-àáyá lójúmọ́, èmi kò ní ṣe é.

---

Bàbá_Transistor

Ohun tí Arábìnrin_Mẹ́mọ́rì sọ yìí ni kí o gbé sókè ṣe àkọ́kọ́.

Ṣe bákan náà fún géètì core. Fi transistor ńlá kan sí ojú iná tó ń lọ sí core, kí o sì pa á nígbà oorun. Dídá aago dúró nìkan kò tó. Ó ń dá yíyí géètì dúró, kò dá jíjò dúró. 0.4 µA yẹn lè di 0.02 µA.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà ronú nípa pírósẹ́sọ̀ Phoenix ti Yunifásítì Michigan, tó jáde ní 2008, yóò ràn ọ́ lọ́wọ́. Wọ́n gbé e dé nǹkan bí 30 pW nínú oorun. Píkówáàtì ni o! Ìlànà 180 nm ni wọ́n yàn, nígbà tí èyí tó kéré jù ú lọ wà lọ́wọ́, nítorí pé transistor rẹ̀ ń jò díẹ̀. Transistor tó ń pa iná core, wọ́n dín fífẹ̀ rẹ̀ kù gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyẹn mú kí iṣẹ́ nígbà tó bá jí ná wọn ní agbára jù. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ san owó lójú ìjí kí oorun lè fúyẹ́. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti orí ìyára pírósẹ́sọ̀ kò ní ṣe irú ìpinnu yẹn láéláé.

---

Kóòdù_Tààrà

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò ní dára kó lo SERV? Core RISC-V tó ń ṣe bíìtì kan lẹ́ẹ̀kan ni. Ó kéré débi pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí géètì níbẹ̀ tó máa jò.

---

Bàbá_Transistor

@Kóòdù_Tààrà, core tó dára ni, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ fún FPGA (ṣíìpù tí a lè tún àyíká inú rẹ̀ tò) tí ààyè ti há. Ṣùgbọ́n kíkéré kọ́ ni ìjẹun-díẹ̀.

SERV ń gba ìró aago tó lé ní 30 fún àṣẹ kan. Ní gbogbo àkókò tí core ń rìn bíìtì kan lẹ́yìn òmíràn yẹn, SRAM 32 KB wà lójúfò, ó ń jò, regulator ń jẹ, aago ńlá sì ń yí. Core ti kéré, àmọ́ ohun tó yí i ká kò kéré, wọ́n sì ń dúró dè é ní ìlọ́po 30. Wo ọgbọ́n yìí fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan: ta ló wà lójúfò, fún ìgbà wo? Géètì core lásán kì í sábà jẹ́ ọ̀pọ̀ nínú àpapọ̀ náà. Mark Horowitz, ọ̀jọ̀gbọ́n Yunifásítì Stanford, fi nọ́ńbà hàn nípa èyí ní ìpàdé àwọn onímọ̀ ṣíìpù, ISSCC 2014, fún ìlànà 45 nm: ìròpọ̀ bíìtì 32 jẹ́ nǹkan bí 0.1 pJ, kíkà nínú mẹ́mọ́rì 8 KB jẹ́ nǹkan bí 10 pJ, àṣẹ kan lódindi sì jẹ́ nǹkan bí 70 pJ. Ìṣirò gan-an kò tó nǹkan. Gbígbé data àti àṣẹ kiri ló ń náni.

---

Kóòdù_Tààrà

Ó yé mi, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n wá fi ti ẹ̀gbẹ́ kóòdù kún un, nítorí òun ni iṣẹ́ mi.

Ọ̀dọ́, aago wo ló ń wa core rẹ? Bó bá jẹ́ kírísítálì ńlá, ṣọ́ra. Kírísítálì kì í gbéra lójú ẹsẹ̀. Ká ní o dúró dè é fún 1 ms péré, tí bọ́ọ̀dù sì ń jẹ 1 mA lásìkò yẹn: 3 µJ nìyẹn. Iṣẹ́ tí o jí torí rẹ̀ jẹ́ 0.8 µJ. Ìdúró ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin iṣẹ́. Lo oscillator RC (aago tí kò ní kírísítálì) fún core, ó ń gbéra láàárín ìwọ̀nba máíkírósẹ́kọ́ǹdù, kò sì sí ohun kankan nínú iṣẹ́ rẹ tó nílò ìró aago tó péye nígbà tí core bá ń ṣírò. Kírísítálì 32.768 kHz ni kó máa ka àkókò, kó má dúró láé. (Nọ́ńbà yẹn jẹ́ 2 sí agbára 15, ìdí nìyẹn tí ó fi rọrùn láti fi ka ìṣẹ́jú-àáyá.)

Ẹ̀ẹ̀kejì, má jẹ́ kí core dúró de sẹ́ńsọ̀. Sẹ́ńsọ̀ ọ̀rinrin máa ń gba ọ̀pọ̀ ms kó tó ní èsì. Pàṣẹ fún un, padà sùn, jẹ́ kí ìlà ìdálọ́wọ́dúró (interrupt) rẹ̀ jí ọ. Mo rí kóòdù tó ń yí gbirigbiri lójú kan tó ń béèrè "ṣé o ti ṣetán?" lórí bọ́ọ̀dù tí wọ́n ní bátìrì rẹ̀ máa pé ọdún.

Ẹ̀ẹ̀kẹta ni rédíò. Ó tóbi ju gbogbo ohun tí a ti ń sọ lọ. Ìfiránṣẹ́ Bluetooth kan, bí 5 mA fún 3 ms ní 3 V, jẹ́ 45 µJ. Ìyẹn ju ìlọ́po 50 ìṣirò rẹ lọ. O ní kí ó fi wé ohun tó rí tẹ́lẹ̀. Fi ìpinnu kún un, kó má ránṣẹ́ bí ìyàtọ̀ kò bá tó nǹkan. Kóòdù ìfiwéra yẹn ni kóòdù tó níye lórí jù nínú ṣíìpù rẹ.

---

Ọ̀dọ́_RISC

Ẹ̀gbọ́n, bí mo bá fẹ́ kó lọ jìnnà ńkọ́? Olùtọ́sọ́nà mi ń mẹ́nu ba LoRa, rédíò tó ń lọ jìnnà.

---

Kóòdù_Tààrà

Lórí CR2032 kan? Wo ìṣirò. Ṣíìpù LoRa SX1276 ń jẹ nǹkan bí 29 mA ní +13 dBm (ìwọ̀n agbára ìfiránṣẹ́). Ní SF12, ètò LoRa tó lọ́ra jù tó sì ń lọ jìnnà jù, ìsọfúnni kékeré lè wà lójú afẹ́fẹ́ fún nǹkan bí 1.3 ìṣẹ́jú-àáyá. 3 V × 29 mA × 1.3 jẹ́ nǹkan bí 113 mJ. 200 mAh tó wà lọ́wọ́ rẹ jẹ́ 2,160 J. Ìyẹn ni ìfiránṣẹ́ bí 19,000 bí ohunkóhun mìíràn kò bá jẹ ẹyọ kan níbẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan ní wákàtí, ọdún 2 àti díẹ̀ ni. Lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ó ṣeé ṣe. SF7 yóò dín àkókò ojú afẹ́fẹ́ kù gan-an bí ibi tó ń lọ kò bá jìnnà jù.

Ìṣòro mìíràn ni pé CR2032 kò fẹ́ràn 29 mA rárá. Resistance inú rẹ̀ tó 20 Ω tàbí jù bẹ́ẹ̀, ó sì ń pọ̀ sí i bó ti ń gbó. 29 mA kọjá nínú 20 Ω, fóltéèjì já wálẹ̀ ní 0.58 V. Lọ́dún kẹfà, bátìrì tó ṣì ní agbára nínú á jẹ́ kí ẹ̀rọ kú nítorí pé kò lè dá agbára náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Capacitor ńlá ni ìwọ yóò fi gbà á, ṣùgbọ́n capacitor náà ń jò.

---

Atẹ́tí_Mọ́tò

Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀. Mo gbà pẹ̀lú ohun tí ẹ sọ fún Ọ̀dọ́, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ẹni tó bá ka èyí lẹ́yìnwá ọ̀la rò pé fóltéèjì kékeré kò wúlò fún sẹ́ńsọ̀ kankan.

Tèmi ń tẹ́tí sí gbígbọ̀n mọ́tò láti mọ̀ bí bẹ́árìn rẹ̀ bá ń bàjẹ́. Kò lè sùn bíi ti Ọ̀dọ́. Ó ń ka accelerometer (sẹ́ńsọ̀ gbígbọ̀n) ní ẹ̀ẹ̀kan fún ms kọ̀ọ̀kan, ó ń ṣe FFT, ó sì ń wo bóyá ohùn tuntun ti wọlé. Iṣẹ́ náà jẹ́ nǹkan bí 200,000 ìró aago ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, láìsinmi. Bí mo bá lo core Ọ̀dọ́, 200,000 × 40 pJ jẹ́ 8 µW. Ìyẹn nìkan ti ju àpò ọdún 10 lọ.

Ní 0.5 V, V² sọ 40 pJ di nǹkan bí 7. Ká fi jíjò kún un kó jẹ́ 8 pJ. 1.6 µW. Fún èmi, ìyàtọ̀ ìyè àti ikú nìyẹn. Bí mo bá sì fi gbogbo data náà ránṣẹ́ dípò kí n ṣírò rẹ̀ níbẹ̀, rédíò á jẹ bátìrì tán láìpẹ́ rárá.

---

Bàbá_Transistor

Òótọ́ pọ́ńbélé. Inú mi dùn pé ẹ gbé e wá. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láìdúró gbọ́dọ̀ jà fún pJ kọ̀ọ̀kan. Mo wá fẹ́ sọ ohun mẹ́ta fún yín kí ẹ tó wọ ibẹ̀.

Ìkíní ni regulator. Báwo lẹ ṣe máa sọ 3 V di 0.5 V? Bí ẹ bá lo èyí tó kàn ń fi ooru dànù, LDO, iná tó wọlé náà ni iná tó jáde. 1.6 µW ní 0.5 V jẹ́ 3.2 µA, 3.2 µA yẹn náà ni yóò ti inú bátìrì 3 V jáde: 9.6 µW. Ní 1.2 V, 8 µW jẹ́ 6.7 µA, ìyẹn 20 µW láti inú bátìrì. Èrè yín ti kúrò ní ìlọ́po 5, ó ti di ìlọ́po 2. V² ti di V lásán. Láti rí gbogbo èrè náà, ẹ nílò regulator tó ń yí agbára padà, oní-capacitor tàbí oní-inductor, tó sì lè ṣe é dáadáa nígbà tí ẹrù kò ju µA díẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń jẹ ju ohun tí wọ́n ń gbé lọ ní ìwọ̀n yẹn. Ibí ni iṣẹ́ tó le jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ fóltéèjì kékeré wà, kì í ṣe nínú core.

Ìkejì, kì í ṣe pé bó bá ṣe lọ sísàlẹ̀ sí ni yóò máa dára sí. Transistor ní àlà kan tí fóltéèjì ẹnu rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé kó tó ṣí gidi. Lábẹ́ àlà yẹn, kò tì pátápátá, ó ń jẹ́ kí iná díẹ̀ kọjá, a sì lè fi iná díẹ̀ yẹn ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìyára rẹ̀ ń já wálẹ̀ lọ́nà tó yára ju bí V² ti ń dínkù lọ. Iṣẹ́ kan tó ń gba ìṣẹ́jú-àáyá kékeré tẹ́lẹ̀ ń pẹ́ gan-an, jíjò sì ń bá a lọ ní gbogbo àkókò náà. Tí ẹ bá ya àwòrán agbára fún iṣẹ́ kan lórí fóltéèjì, ó ń lọ sílẹ̀, ó ń dé ìsàlẹ̀ pátápátá, ó sì tún ń gòkè. Ìsàlẹ̀ yẹn sábà máa ń wà láàárín 0.3 sí 0.5 V. Pírósẹ́sọ̀ 180 mV tí Ọ̀dọ́ mẹ́nu bà fi hàn bí a ti lè lọ sísàlẹ̀ tó. Ibi tí agbára rẹ̀ kéré jù wà lókè ibẹ̀.

Ìkẹta ni ìyàtọ̀ láàárín ṣíìpù kan àti èkejì. Lábẹ́ àlà, iná ń tẹ̀lé fóltéèjì lọ́nà ìlọ́po: 90 mV, tàbí nítòsí rẹ̀, ń sọ ọ́ di ìlọ́po 10. Bí àlà transistor kan bá yàtọ̀ sí ti ẹnìkejì rẹ̀ ní 30 mV péré, ìyára wọn ti yàtọ̀ ní ìlọ́po 2. Gbogbo ìṣirò àkókò tí ẹ ṣe ní 1.2 V á ṣubú. Ẹ sì wà lára mọ́tò, ooru ń yí padà. Jíjò ń di ìlọ́po 2 fún bíi 10 °C kọ̀ọ̀kan, nítorí náà láti 25 °C dé 65 °C, ẹ ń sọ̀rọ̀ ìlọ́po 16. Àwọn tó ń ṣe é dáadáa máa ń fi àyíká kékeré kan sínú ṣíìpù tó ń wo ìyára rẹ̀ fúnra rẹ̀, tó sì ń gbé fóltéèjì sókè tàbí sísàlẹ̀ bó ti yẹ.

Ilé-iṣẹ́ Ambiq, tó ti inú ìwádìí Michigan jáde ní 2010, ti gbé irú rẹ̀ dé ọjà. Ó ṣeé ṣe. Àmọ́ kì í ṣe iṣẹ́ oṣù díẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo.

---

Atẹ́tí_Mọ́tò

Ẹ ṣé, bàbá. Lórí ooru, mo ń ronú láti kúrò ní 130 nm lọ sí FD-SOI 22 nm (ìlànà tí ìpele ìdábòbò tín-ín-rín wà lábẹ́ transistor), kí n lè máa fi fóltéèjì ẹ̀yìn transistor gbé àlà rẹ̀ sókè lójú oorun, kí n sì sọ ọ́ kalẹ̀ lójú iṣẹ́.

---

Arábìnrin_Mẹ́mọ́rì

Fún yín, mo fara mọ́ ọn. Capacitance kékeré wà níbẹ̀ nítorí transistor kékeré, ẹ sì ń ṣiṣẹ́ láìdúró, ẹ máa jèrè rẹ̀. Fún Ọ̀dọ́, mo lòdì sí i pátápátá. Bí mo bá ní agbára lórí rẹ̀, 180 nm ni mo máa gbé e lọ. Ohun tó ń sùn kò nílò transistor tó yára.

Ohun kan tún wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì mẹ́nu bà: irú mẹ́mọ́rì kan tó ń jẹ́ FRAM. Ó ń rántí láìsí iná rárá. Àwọn ṣíìpù MSP430FR ti Texas Instruments ti ń lò ó láti 2011. Flash, mẹ́mọ́rì tí ọ̀pọ̀ ṣíìpù fi ń pa kóòdù mọ́, nílò fóltéèjì gíga tí a ṣe nínú ṣíìpù kí ó tó kọ nǹkan, ó sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pa odidi abala kan rẹ́. FRAM ń kọ bíi RAM, ìfaradà rẹ̀ sì dé 10 sí agbára 15 ìkọ̀wé. Pẹ̀lú rẹ̀, ẹ lè pa iná gbogbo ṣíìpù, kí ohun tó ń ka àkókò nìkan ṣẹ́kù. Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń jẹ ìtànṣán oòrùn tàbí gbígbọ̀n, tí iná rẹ̀ lè kú nígbàkígbà, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ọ̀nà mìíràn.

---

Kóòdù_Tààrà

Ẹ jẹ́ kí n fi ìkìlọ̀ kan kún ti FRAM. Bí iná bá kú láàárín iṣẹ́, tí kóòdù sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi àmì tó fi sílẹ̀ kẹ́yìn, wo nǹkan yìí: kóòdù ka nọ́ńbà 7 nínú FRAM, ó fi 1 kún un, ó kọ 8 padà, iná kú kó tó fi àmì sílẹ̀ pé òun ti ṣe é. Nígbà tó bá jí, ó ka 8, ó kọ 9. Ìṣẹ̀lẹ̀ kan, ìkà méjì. Kò sí àṣìṣe kankan nínú kóòdù náà tí iná kò bá kú. Ìwádìí nípa irú iṣẹ́ tí iná rẹ̀ ń kú, tó tún ń tàn yìí bẹ̀rẹ̀ sí gbóná láti ìgbà tí ètò Mementos jáde ní 2011. Ojútùú tó rọrùn jù ni kí ẹ pín iṣẹ́ sí ègé, kí ègé kọ̀ọ̀kan kọ èsì rẹ̀ sí ibòmíràn, kí a sì yí atọ́ka kan ṣoṣo padà ní ìparí.

---

Oníwọ̀n_µA

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Ìṣirò dára. Ẹ wá wọ̀n ọ́n, nítorí ọ̀pọ̀ ìgbà ni ṣíìpù kò jẹ̀bi.

Resistor 10 kΩ kan tí ẹ fi gbé ìlà sókè, tí ìlà náà bá wà nísàlẹ̀ lójú oorun: 300 µA. Resistor 100 kΩ méjì tí ẹ fi ń wo fóltéèjì bátìrì: 15 µA, tọ̀sán tòru, ó ju ìlọ́po 6 gbogbo àpò Ọ̀dọ́ lọ. Ẹsẹ̀ ṣíìpù tí a kò so mọ́ nǹkankan lè dúró ní àárín 0 àti 3 V, kí transistor òkè àti ti ìsàlẹ̀ ṣí papọ̀, kí iná máa kọjá lọ tààrà. Ẹsẹ̀ tí ẹ gbé sókè tó ń fún ṣíìpù mìíràn tí iná rẹ̀ ti kú ní iná láti ẹ̀gbẹ́ náà ń bẹ.

Mítà lásán kò ní fi èyí hàn yín dáadáa. Lórí ìwọ̀n µA, resistance inú mítà á já fóltéèjì wálẹ̀ nígbà tí rédíò bá jí, ẹ̀rọ á sì tún bẹ̀rẹ̀ lójú yín. Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn fún oorun: ẹ fi capacitor 100 µF tó dára, tí jíjò rẹ̀ kéré, sí ipò bátìrì. Ẹ gba agbára sínú rẹ̀ dé 3 V, ẹ yọ orísun náà, ẹ ka àkókò tó fi já sí 2.5 V. Iná jẹ́ C × ΔV pín sí àkókò. Bó bá gba 25 ìṣẹ́jú-àáyá, 2 µA ni. Ẹ kọ́kọ́ ṣe é láìso ẹ̀rọ mọ́ ọn kí ẹ lè mọ èyí tí capacitor fúnra rẹ̀ ń jò. Má lo capacitor electrolytic lásán, ó lè jò ju ẹ̀rọ yín lọ. Ceramic náà, capacitance rẹ̀ ń yí bí fóltéèjì ti ń yí, ẹ wọ̀n ọ́n ní 3 V.

---

Ọ̀dọ́_RISC

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti tún un ṣe lórí ìwé.

SRAM 2 KB nìkan ló ń wà láàyè: 0.07 µA. Iná core ń kú: 0.02. Aago 0.5, regulator 0.6, rédíò lójú oorun 0.3, sẹ́ńsọ̀ lójú oorun 0.1. Oorun jẹ́ 1.59 µA. Ìfiránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan jẹ́ 0.25 µA ní ìṣirò ààrin, bí kò tilẹ̀ fo ọ̀kankan. Ìwọ̀n sẹ́ńsọ̀, 0.07. Core ní 1.2 V, 0.01. Àpapọ̀ 1.92 µA. 200 mAh á gbé e fún nǹkan bí 11.9 ọdún, mi ò sì fọwọ́ kan fóltéèjì iṣẹ́ rárá. Aago àti regulator ló kù tó ń jẹ jù, ibẹ̀ ni mo máa lọ báyìí.

Ìbéèrè kan ló kù. Bí mo bá pa iná core tí yàrá SRAM 2 KB sì wà láàyè, àwọn ìlà tó ti inú core wá sí SRAM ń léfòó. Ṣé kò ní kọ ìdọ̀tí sínú rẹ̀?

---

Arábìnrin_Mẹ́mọ́rì

Yóò kọ ọ́ bí o bá fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, àti pé ìlà tó ń léfòó á jẹ́ kí géètì tó ń gbà á jẹ iná lọ tààrà, bí Oníwọ̀n ti sọ nípa ẹsẹ̀ ṣíìpù. Fi géètì ìyàsọ́tọ̀ sí ojú gbogbo ìlà tó ti ibi tí iná ń kú kọjá sí ibi tí kì í kú. AND lásán ti tó fún èyí tó yẹ kó wà ní 0, OR fún èyí tó yẹ kó wà ní 1. Ìlà ìkọ̀wé SRAM gbọ́dọ̀ wà ní ipò "má kọ". Àwọn géètì náà gbọ́dọ̀ gba iná láti ibi tí kì í kú, kì í ṣe láti ara core.

Ètò ìsùn: dá aago core dúró, ti géètì ìyàsọ́tọ̀, lẹ́yìn náà ni kí o pa iná. Ìjí: tan iná, dúró kí fóltéèjì rẹ̀ dúró dáadáa, di core mú nínú reset (ipò ìbẹ̀rẹ̀), ṣí aago kó lè gba reset náà, ṣí ìyàsọ́tọ̀, lẹ́yìn náà ni kí o tú reset sílẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré tó ń darí ètò yìí jẹ́ rẹ́jísítà mélòó kan péré, ìró 32.768 kHz ló máa wà á, ibi tí iná kì í kú ni kó wà. Tan transistor iná náà díẹ̀díẹ̀, ní ìpele méjì ó kéré tán. Bí gbogbo rẹ̀ bá ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, iná tó rọ́ wọlé á já fóltéèjì SRAM wálẹ̀, àwọn bíìtì tí o fẹ́ dáàbò bò á sì yí.